Dúdú Bí Ewé Iṣu

Ọyẹ́ ti mú Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Eruku Òkè Adó bo igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa
títí ewé rẹ̀ fi rí bí awọ àgbò tí a sá sóòrùn.
Ìyá mi, Àwẹ̀ró, jókòó nínú pálọ̀,
ó gbé orúnkún tó wú lé orí àpótí,
ó ní, "Ògiri yìí ti sú mi.
Àwọ̀ ẹ̀kọ tútù láti àárọ̀ dalẹ́!
Ẹ kùn ún kó dúdú."

Tìámíyù akunlé wò mí.
Èmi náà wo Tìámíyù.
Ó rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀
bí ẹni tó ṣèèṣì ya ilé ọ̀fọ̀.
"Ìyá, pálọ̀ ni o.
Ṣé kí àlejò máa wọlé, kó máa bi wá pé ta ló kú?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu.
"Ojú èédú lẹ fi ń wo dúdú, ẹ̀yin ọmọ yìí.
Nígbà tí mo ní oko bàbá yín dúdú lọ́dún yẹn,
ṣé iná ló jó o ni?"

Ìgbà náà ni mo tó rántí.
Ọ̀nà Ìlọrin, oṣù Agẹmọ, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
ewé iṣu ti gun ọ̀pá dé orí,
ó dúdú minimini, ó ń dán.
Mo ń tẹ̀lé gìgísẹ̀ rẹ̀, ìrì ń fọ ojúgun mi.
Ó dúró láàárín ebè, ó fọwọ́ lé ìbàdí,
ó kàn ń wò ó.
Mo ní ebi ń pa mí. Kò gbọ́.

Ọdún kẹrin rèé tí orúnkún kò jẹ́ kó dé oko.
A gbé e sórí àga láàárọ̀, a gbé e kúrò lálẹ́.

Tìámíyù fa páálí àwọ̀ yọ nínú àpò,
èyí tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ní Tákíé.
Àwọ̀ ewé mọ́kànlá tò síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé.
Ìyá ń fi ìka tọ́ wọn:
"Èyí, tẹ̀tẹ̀ ni, ó ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná.
Èyí, máńgòrò tí ọmọ jí ká.
Èyí, ejò. Mi ò bá ejò gbé.
Èyí ńkọ́? Kọ́tìnì ọsibítù.
Ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Àbúrò mi kò bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀."

A dákẹ́. Ewúrẹ́ kan ń họ ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Ìka rẹ̀ wá dúró.
"Ewé iṣu. Èyí tó ti gba òjò mélòó kan sára."

Owó mi kò ra ju gálọ́ọ̀nù kan lọ;
ògiri kan ló mu ún tán, èyí tó kọjú sí àga rẹ̀.
Mẹ́ta yòókù ṣì ń ṣe ẹ̀kọ wọn lọ.
Tìámíyù ní kí n yọ kọ́tìnì aláwọ̀ kọfí yẹn,
kí n ta funfun fẹ́ẹ́rẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ́nà bá ògiri;
ó ní àwọ̀ tó jin, òkùnkùn ló máa ń dà
bí oòrùn kò bá kí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.
Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé àga súnmọ́ ọn díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, oòrùn ọyẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé,
ó pupa, eruku ń jó nínú rẹ̀,
ó sì dúró lára ògiri náà.
Òórùn ọ̀dà ṣì ń ta wá nímú.
Ìyá kò bèèrè oúnjẹ, kò bèèrè oògùn.
Ó ń wo ògiri láti igun dé igun,
bí ẹni tó ń ka ebè.

"Ó dára," ó ní, nígbà tó pẹ́.
"Àmọ́ mi ò rí koríko kankan níbẹ̀.
Ta ló bá mi ro ó?"